Ìfẹ́ Ọmọ Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìwòsàn

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé olùtọ́jú tí ó fẹ́ràn ọmọ kò ṣe ohun rere. Ẹni tí ó gba ọmọ tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ó sùn lóru, tàbí ọmọ tí ìbànújẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń jókòó tì í láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìfẹ́ nìkan kò lè dáhùn: ǹjẹ́ ara ọmọ náà ń yá? Bí ó bá ń yá, báwo ni olùtọ́jú ṣe mọ̀? Bí kò bá sì yá, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i, ta ni yóò sì ní ìgboyà láti sọ ọ́? Lórí ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibòmíràn ti ń ṣe awuyewuye fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò pè é ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ẹni tí ó bá wò ó jinlẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ohun tí títọpa àyọrísí ìtọ́jú jẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú, wọn yóò fún òbí rẹ̀ ní ìwé ìbéèrè kan pé kí ó kọ ìdáhùn sí i. Lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí Robert Goodman, oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé kan ní London, gbé jáde ní 1997. Gbólóhùn 25 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń bèèrè bóyá ọmọ náà máa ń dààmú púpọ̀, òmíràn bóyá ara rẹ̀ kì í lélẹ̀, òmíràn bóyá ó ní ọ̀rẹ́, òmíràn bóyá ó máa ń ro ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń dáhùn yóò mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kì í ṣe òótọ́, ó jẹ́ òótọ́ díẹ̀, òótọ́ ni pátápátá. Òbí lè kọ ọ́, olùkọ́ lè kọ ọ́, ọmọ tí ó bá sì ti pé ọdún 11 lè kọ tirẹ̀. Nígbà tí oṣù díẹ̀ bá kọjá, wọn yóò tún kọ irú ìwé kan náà, wọn yóò ka máàkì rẹ̀, wọn yóò sì fi ti ìṣáájú wé ti ẹ̀yìn.

Èyí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde ní 1977 ni wọ́n ti ń sọ fún olùkọ́ pé kí ó má ṣe dúró de ìdánwò àṣekágbá kí ó tó mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ń yé ọmọ, pé kí ó máa ṣe ìgbéléwọ̀n láti ìgbà dé ìgbà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ nínú kíláàsì ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú nínú yàrá ìtọ́jú.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kì í ṣe é. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2004 lórí àwọn onímọ̀ ìrònú òun ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nǹkan bí 37 nínú 100 ni ó sọ pé àwọn ń lo irú ìwé ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀. Òmíràn tí ó jáde ní 2018 bi àwọn olùtọ́jú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà léèrè. Nǹkan bí 14 nínú 100 ni ó ń lò ó, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn tí kì í lò ó rárá lé ní 60 nínú 100. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn kan náà yìí ni ó gbà pé ohun tí ó dára ni. Ohun tí ẹnu yìn tí ọwọ́ kò ṣe, ó yẹ kí á wádìí ohun tí ó dì í lọ́wọ́.

Ìdí mẹ́rin ni àwọn olùtọ́jú sábà máa ń sọ. Èkíní ni pé ẹ̀dá ènìyàn kò ṣe é gbé lé òṣùwọ̀n bí ẹní gbé àpò kòkó. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ó ń jí lóru tí ó ń ké, kín ni máàkì lè sọ nípa rẹ̀? Bí máàkì náà bá lọ sílẹ̀ láti 22 sí 17, ǹjẹ́ èyí sọ bí ó ti rí lára ọmọ náà ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dá orúkọ bàbá rẹ̀ láìsunkún? Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ láàrin ọmọ àti olùtọ́jú kò ní àyè nínú ìwé ìbéèrè. Wọ́n ní ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ iye yóò gbàgbé ojú ọmọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ọmọ tí ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀, olùtọ́jú kò pọ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ó bá fi kọ ìwé, ara àkókò tí ì bá fi gbọ́ ti ọmọ ni ó ti gé e. Ẹ̀kẹta ni ìrírí. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ẹni tí ó ti lo 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ìdákẹ́jẹ́ ìbínú àti ìdákẹ́jẹ́ ìrora, kín ni ìwé gbólóhùn 25 fẹ́ kọ́ ọ?

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọn kì í fi gbogbo ẹnu sọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn tí ń san owó, ì báà jẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, lè gba àwọn máàkì náà kí wọ́n sọ wọ́n di pàṣán. Olùtọ́jú tí ó gba àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, tí ilé wọn tú ká, tí ebi ń pa, yóò ní èsì tí kò dára tó ti ẹni tí ó ń gba kìkì àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn rọrùn. Wọn yóò wá fi èyí tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó le ṣe ọ̀lẹ.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òpè. Ṣùgbọ́n ìwúwo wọn kò dọ́gba, ó sì dára kí á ti orí ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó dà bí ẹni pé ó lágbára jù. Ǹjẹ́ lóòótọ́ ni ojú ìrírí ń rí ohun gbogbo?

Ní 2005, Michael Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn olùtọ́jú sọ èwo nínú 550 ènìyàn tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò burú sí i. Mẹ́ta péré ni wọ́n tọ́ka sí. Nígbà tí ìtọ́jú parí, 40 ni ọ̀rọ̀ wọn ti burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta náà ni ó sì wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìdíwọ̀n wà níbẹ̀ tí ó lè ta wọ́n lólobó. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ti dàgbà, wọ́n ní ẹnu, wọ́n lè sọ tinú wọn. Mélòó mélòó wá ni ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò tíì mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é? Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ojú àgbà ríran, ṣùgbọ́n kò rí inú alángbá.

Ìwádìí mìíràn tún jáde ní 2012. Wọ́n bi àwọn olùtọ́jú 129 léèrè bí wọ́n ti rò pé iṣẹ́ wọn rí láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó sọ pé òun kò tó ìwọ̀n ẹlẹgbẹ́ òun. Ìdá kan nínú mẹ́rin sì ka ara wọn mọ́ àwọn mẹ́wàá tí ó dára jù nínú 100. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ yóò mọ̀ pé èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbéraga lásán. Irú ẹ̀rí tí iṣẹ́ wọn ń fi hàn wọ́n ni ó ń tàn wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ yá a máa padà wá dúpẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá a máa dákẹ́, nígbà tí ó bá sì pẹ́, kò ní í wá mọ́. Olùtọ́jú a rántí ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín, a sì ka èyí tí kò padà wá mọ́ àwọn tí ara wọn ti yá. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 20 ọdún, ìrírí rẹ̀ yóò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ ni ìrírí náà ti ń gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbí ni pé olùtọ́jú tí kò ka iṣu rẹ̀ kọ́ ni ebi yóò pa. Ọmọ ni.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé bí ojú bá ṣìnà, ìfẹ́ kò ní í ṣìnà. Ìtàn kan láti ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fèsì sí èyí. Richard Cabot, oníṣègùn kan ní Boston tí ó jẹ́ aláàánú ènìyàn, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ìlú Cambridge àti Somerville. Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n lè yà sí ipa búburú ni. Àwọn ọmọ 506 ni wọ́n mú. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì tí wọ́n jọra ní ọjọ́ orí àti ní ìgbésí ayé, wọ́n sì ju owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tí yóò gba ìrànlọ́wọ́ nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni 253 ṣe bọ́ sí abẹ́ ìtọ́jú ní 1939, tí 253 yòókù sì wà bí wọ́n ti wà. Títí di 1945, àwọn olùtọ́jú ń lọ sí ilé àwọn ọmọ náà léraléra. Wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, wọ́n mú àwọn kan lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n rán ọ̀pọ̀ lọ sí àgọ́ ìsinmi.

Nígbà tí ó tó nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Joan McCord wá àwọn ọmọ náà kàn, tí wọ́n ti di géńdé. Ó tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ni ó sọ pé ètò náà ṣe àwọn lóore. Wọ́n rántí àwọn olùtọ́jú wọn pẹ̀lú ìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí McCord fi àkọsílẹ̀ wọn wé ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ràn lọ́wọ́, ó rí i pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn burú jù ní ọ̀nà púpọ̀. Nínú àwọn tí ó dẹ́ṣẹ̀ sí òfin, àwọn ni ó tún un dá jù. Àmì ọtí àmujù pọ̀ láàrin wọn jù, àwọn tí ó kú sì tètè kú ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ara sọ ohun tí ó fà á. McCord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka, ní 1999, sí àgọ́ ìsinmi níbi tí àwọn ọmọ tí ìwà wọn le ti ń kọ́ ara wọn ní ìwàkiwà, nítorí pé àwọn tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ó fara gbá jù.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ àwọn olùtọ́jú ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, ètò náà yè kooro. Bí ó bá jẹ́ ọpẹ́ àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ni, ó yè kooro pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tí ó tú àṣírí rẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Ìyìn sì yẹ Cabot, nítorí pé òun tìkára rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n ya ìdajì àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó kú ní 1939 gan-an, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ṣùgbọ́n ó ti pèsè ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn yóò gbà mọ̀ bí òun bá ṣìnà. Ìfẹ́ tí ó gbà kí wọ́n dán òun wò ga ju ìfẹ́ tí ó ní kí wọ́n gba òun gbọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àánú kò ní kí ẹnikẹ́ni di ojú.

Kí á wá padà sí ẹ̀rù tí ó jẹ́ ìdí kẹrin, nítorí pé òun ni ó ní òtítọ́ nínú jù, ìlú Boston kan náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Oníṣẹ́ abẹ ni Ernest Codman, ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kọ káàdì kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wá a kàn lẹ́yìn ọdún kan láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ náà ṣe é lóore, bí kò bá sì ṣe é lóore, kí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀. Ó ní èsì iṣẹ́ ni kí wọ́n fi máa gbé oníṣègùn ga, kì í ṣe pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò gbà. Ó kọ̀wé fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1914. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó ti dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láti 1911 sí 1916, ó tọ́jú aláìsàn 337, ó sì tẹ àṣìṣe 123 jáde fún gbogbo ayé, pẹ̀lú tirẹ̀ nínú wọn. Ní 1915, ó gbé àwòrán ògòngò kan jáde ní ìpàdé àwọn oníṣègùn. Ẹyẹ náà ki orí bọ inú iyanrìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ẹyin wúrà fún wọn, kò fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Inú bí wọn. Ó pàdánù ipò rẹ̀ láàrin wọn. Ó kú ní 1940, kò sì sí òkúta orúkọ lórí ibojì rẹ̀ títí di 2014, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ wá gbé ọ̀kan kalẹ̀ láti fi bu ọlá fún un.

Nítorí náà, olùtọ́jú tí ń bẹ̀rù kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá ka àṣìṣe ara rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ka tirẹ̀, òun nìkan ni yóò dà bí aláṣìṣe. Nàìjíríà mọ irú ewu yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì ìdánwò àṣekágbá nìkan díwọ̀n ilé-ìwé, àwọn kan kò tìtorí rẹ̀ kọ́ ọmọ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń ra ìbéèrè ìdánwò ni wọ́n wá, ìlú sì wá pe irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní ibùdó iṣẹ́ ìyanu. Bí wọ́n bá so owó oṣù olùtọ́jú mọ́ máàkì ọmọ, yóò kọ́ bí a ti ń yan ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, yóò sì kọ́ bí a ti ń rọ òbí láti kọ ìdáhùn tí ó dùn-ún kà. Ìwé yóò kún, òtítọ́ yóò sá.

Ewu kejì wà tí kò ní ariwo bẹ́ẹ̀. Ní California, ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ irú ìwé wọ̀nyí fún àwọn ọmọ tí ń gba ìtọ́jú. Nígbà tí àwọn olùwádìí bá àwọn olùtọ́jú ní San Diego sọ̀rọ̀, nínú iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 2003, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sọ pé èsì ń tẹ àwọn lọ́wọ́ ṣùgbọ́n àwọn kò lò ó láti tọ́jú ọmọ. Òbí ti jókòó, ó ti kọ ọ́. Ọmọ ti ronú, ó ti dáhùn. Ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì, kò sì bọ̀ wá di ọ̀rọ̀ láàrin wọn. Èyí pàápàá jẹ́ ìwà àìtọ́, nítorí pé bí a bá bi ọmọ léèrè bí ó ti rí lára rẹ̀, tí a kò sì ka ìdáhùn rẹ̀, a ti kọ́ ọ pé kò sí ẹni tí ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí èsì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, nǹkan yàtọ̀. Leonard Bickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2011 láti ibi ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ 10 ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 11 sí 18. Àwọn olùtọ́jú kan ń rí èsì ìwé ìbéèrè ọmọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù ń rí i ní ọjọ́ 90 sí ọjọ́ 90. Ara àwọn ọ̀dọ́ tí olùtọ́jú wọn ń rí èsì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tètè ń yá ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Bí olùtọ́jú sì ti ń ṣí èsì náà wò tó ni àǹfààní rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Agbára kò sí nínú ìwé fúnra rẹ̀. Inú kíkà á ni agbára wà, àti inú yíyí ọwọ́ padà nígbà tí ó bá sọ pé ọ̀nà kò tọ́. Àìtètè mú olè, olè a mú olóko.

Èyí dáhùn ọ̀rọ̀ àkókò pẹ̀lú. Ìwé Goodman kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti kọ. Bí ọmọ bá fi oṣù mẹ́fà gba ìtọ́jú tí kò bá a mu, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, àkókò tí ó ṣòfò níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, oṣù mẹ́fà nínú ayé ọmọ ọdún mẹ́jọ sì gùn ju oṣù mẹ́fà àgbà lọ. Ó ku ọ̀rọ̀ ti òṣùwọ̀n. Òtítọ́ ni pé máàkì kì í ṣe ọmọ. Tẹ̀mọ́mítà náà kò mọ bí òtútù ibà ti rí lára ẹni tí ń gbọ̀n, síbẹ̀ kò sí nọ́ọ̀sì tí ó tìtorí èyí jù ú nù. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùtọ́jú kan ti wá ọ̀nà tí ó sún mọ́ ọmọ jù. Wọ́n ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ kí ó yí padà, ì báà ṣe pé kí òun lè sùn nínú òkùnkùn, tàbí kí òun lè lọ sí ilé-ìwé láìsí inú rírun. Láti ìgbà dé ìgbà, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ibi tí ó dé, láti 0 dé 10. Ẹni tí ó sọ pé òṣùwọ̀n ń gba ohùn ọmọ lẹ́nu rẹ̀, kí ó wo èyí bóyá kì í ṣe òun ni ó fún un ní ohùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí ìtọ́jú kò bá tẹ́ àgbàlagbà lọ́rùn, ó lè dìde kí ó lọ sí ibòmíràn. Ọmọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó mú un wá, ẹlòmíràn ni ó ń san owó, ẹlòmíràn ni yóò sọ ìgbà tí ó tó. Bí kò bá sunwọ̀n, wọ́n lè ní olórí kunkun ni, tàbí pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí kò lè ja ìjà ara rẹ̀, ẹni tí ó gbà á tọ́jú ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀rí. Gbèsè náà sì ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Olùtọ́jú jẹ ọmọ ní òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àti asanwó jẹ olùtọ́jú ní ìdánilójú pé òtítọ́ tí ó bá sọ kò ní í di pàṣán tí wọn yóò fi nà án. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó ka àṣìṣe rẹ̀, kí wọ́n má ṣe retí pé ẹnikẹ́ni yóò kà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta ní 1954, Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn Aró, tí ìbátan wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá aláìsàn gbé ni ó mọ̀ bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun, bóyá ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lónìí, Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tí ó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ níṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ kò tíì pọ̀ tó ọmọ tí ó nílò wọn. Èyí kò sọ pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Níbi tí olùtọ́jú bá ti ṣọ̀wọ́n, ìtọ́jú tí kò ṣiṣẹ́ ni ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ṣòfò. Ìbéèrè náà kò yọ wòlíì, aáfà àti àdáhunṣe sílẹ̀, nítorí pé àwọn náà ń gba ọmọ ọlọ́mọ. Babaláwo pàápàá, bí ó bá rú ẹbọ tán, a máa bèèrè bóyá ẹbọ náà fín.

Kò sì yọ olùkọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìwé gbólóhùn 25 lè dé orí tábìlì olùkọ́ kan nípa ọmọ kan tí ó jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀. Ó lè fà á láìwò, kí ó lè tètè lọ sílé. Ó sì lè dúró díẹ̀ kí ó bi ara rẹ̀ pé: ǹjẹ́ ọmọ yìí ní ọ̀rẹ́? Olùtọ́jú tí kò rí ọmọ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ òtítọ́, olùtọ́jú yóò ní ohun tí yóò fi ríran. Bí ó bá kọ irọ́ tàbí kí ó kọ àìbìkítà, àwọn méjèèjì lè fẹ́ràn ọmọ náà títí, kí ó sì máa ṣègbé lójú wọn.